Bí Ẹni Tuntun Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Nínú Old School RuneScape Láìsan Kọ́bọ̀

Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá pè ní ọ̀fẹ́, ẹnìkan ń sanwó rẹ̀ níbìkan. Nínú Old School RuneScape, tí ilé-iṣẹ́ Jagex tó wà ní ìlú Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2013, àwọn tó ń san owó ọmọ ẹgbẹ́ ló ń gbé ìnáwó náà, tí àwọn tí kò san nǹkan kan sì ń rí apá kan nínú ayé géèmù náà lò. Apá kan ọ̀hún kò kéré. Iṣẹ́ 15 ló ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, láti orí ẹja pípa dé orí irin rírọ, títí kan idà jíjà, ọfà títa àti idán pípa. Kò sì sí ọjọ́ kan tí àyè náà yóò pé tí wọn yóò ní kí ẹni tí kò sanwó máa lọ. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe to ayé náà ni yóò rò pé ó ń fi àkókò òun ṣòfò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò rí i pé ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n fi í sí, bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ aláró ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń mọ aṣọ dì kí wọ́n tó mọ aró pò.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni géèmù náà ti wà lórí fóònù Android àti iPhone, àkáǹtì kan ṣoṣo ló sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ń ta á lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ọláìyá lè jáde níbẹ̀, kí ó wọ mọ́tò, kí ó sì bá a lọ lórí fóònù rẹ̀ nígbà tó bá délé ní Òkè-Fìà; gbogbo ohun tó kó jọ yóò wà níbi tó fi í sí. Ìdí ni pé inú fóònù kọ́ ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí ilé-iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ sí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló ń ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀. Fóònù kàn ń fi àṣẹ ránṣẹ́ ni, ó sì ń ya àwòrán èsì tó bá gbà padà. Wọ́n pín àwọn kọ̀ǹpútà náà sí oríṣi tí wọ́n ń pè ní ayé, ayé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, a sì máa ń kọ orílẹ̀-èdè tó wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti Òṣogbo, ayé tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Jámánì ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ dán wò kí ó tó yà sí ti Amẹ́ríkà tàbí Australia, nítorí bí ọ̀nà bá ṣe gùn tó ni èsì ṣe máa ń pẹ́ tó.

Ohun kan tún wà tó mú kí géèmù yìí bá wa lára mu. Ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 0.6 ni kọ̀ǹpútà ńlá náà ń gba àṣẹ tí ó sì ń mú un ṣẹ. Ẹni tó tẹ igi láti gé e àti ẹni tó tẹ ẹja láti pa á, ìgbà kan náà ni a óò dá wọn lóhùn. Nítorí náà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó bá falẹ̀ díẹ̀ kì í tètè ba nǹkan jẹ́ bí ó ṣe ń bà á jẹ́ nínú géèmù ìbọn yíyìn, dátà tó ń jẹ kò sì tó èyí tí fídíò ń jẹ. Ibi tí a ti ní láti ṣọ́ra ni ojú ìjà, torí pé bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́, ẹni tí a ń darí kì í kúrò níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó ń lù ú yóò ṣì máa lù ú.

Erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tutorial Island ni gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni olùkọ́ kan yóò ti fa ẹni tuntun lé òmíràn lọ́wọ́: yóò gé igi, yóò dáná, yóò pa edé, yóò sè é, yóò wa bàbà àti tánńganran nínú ilẹ̀, yóò yọ́ wọn pọ̀ di idẹ, yóò sì fi idẹ náà rọ ọ̀bẹ. Ọ̀pọ̀ ń sáré ka ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ wọ̀nyí kọjá, àdánù sì ni, nítorí pé ẹ̀kọ́ gbogbo géèmù náà wà níbẹ̀: ohun tí iṣẹ́ kan bá mú jáde ni iṣẹ́ mìíràn ń lò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọn yóò gbé e dé Lumbridge, ìlú kékeré kan tí ààfin olókùúta wà láàárín rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí yóò fà á lọ́wọ́ mọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tuntun wá lọ wà nínú ilé ìdáná ààfin yẹn. Alásè kan wà níbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, nítorí pé òní ni ọjọ́ ìbí Duke Horacio tó ni ààfin, kò sì tíì rí ohun tí yóò fi ṣe kéèkì. Ẹyin kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì wàrà kan àti ìkòkò ìyẹ̀fun kan ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹyin wà níbi tí wọ́n ń sin adìyẹ, wàrà sì wà lára màlúù tí a óò fọwọ́ fún sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣófo. Ìyẹ̀fun ló ń mú èèyàn ronú. A óò já àlìkámà nínú oko, a óò gbé e lọ sí ilé ìlọ tó wà ní àríwá ìlú, a óò gun àkàsọ̀ dé òkè pátápátá, a óò da àlìkámà sí ẹnu ẹ̀rọ, a óò fa ọwọ́ ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn náà ni a óò tún sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ níbi tí ìyẹ̀fun dà sí. Ẹni tó bá gbàgbé ìkòkò yóò dúró ti ìyẹ̀fun ara rẹ̀ láìrí ohun tí yóò bù ú sí, yóò sì padà lọ mú ìkòkò wá. Bí ó bá kó gbogbo rẹ̀ fún alásè, yóò gba pọ́ìntì ìrírí 300 nínú iṣẹ́ oúnjẹ sísè àti pọ́ìntì quest kan (quest ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ tí wọ́n ń rán èèyàn bí èyí). Pọ́ìntì quest yìí ló yẹ kí a fi sọ́kàn, a óò tún padà bá a.

Pọ́ìntì ìrírí ni òṣùwọ̀n iṣẹ́ gbogbo, ipele 99 sì ni òpin. Láti kúrò ní ipele 1 bọ́ sí 2, pọ́ìntì 83 ló tó. Igi lásán kan ń fúnni ní 25, nítorí náà igi mẹ́rin ti mú èèyàn gòkè. Ṣùgbọ́n láti dé ipele 15, níbi tí igi óákù ti ṣe é gé, pọ́ìntì 2,411 ni, ìyẹn igi 97. Iye náà ń di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ipele méje-méje, tó bẹ́ẹ̀ tí ipele 99 fi ń béèrè 13,034,431, tí ẹni tó wà ní ipele 92 kò sì tíì rìn ju ìdajì ọ̀nà lọ. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yìí kò ní fi iṣẹ́ kan ṣoṣo dá ara rẹ̀ lágara lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Yóò gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dé ipele 15 tàbí 20, níbi tí ìgòkè ti ń yá, nítorí pé àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ló ń bọ́ ara wọn.

Nípa ti ìjà, adìyẹ àti màlúù ni kí ó kọ́kọ́ kojú. Kí ó yẹ ọ̀nà ìlù rẹ̀ wò, torí pé èyí tó bá yàn ló ń sọ bóyá Attack (bí ìlù ṣe ń bà), Strength (agbára ìlù) tàbí Defence (ìdáàbòbò ara) ni pọ́ìntì ń lọ sí. Ọ̀pọ̀ ló ń lù lọ láì mọ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló ń dàgbà. Bí ó bá kú, ohun mẹ́ta tó níye lórí jù lọ ni yóò bá a dìde, ìyókù yóò wà nínú ibojì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kí ó lè padà wá kó o. Ó sàn kí ó máa kó ohun tí kò lò sí báńkì.

Ní Varrock, ìlú ńlá tó wà ní àríwá Lumbridge, ni ọjà gbogboogbò tí wọ́n ń pè ní Grand Exchange wà. Kò sí ìnájà ojúkojú níbẹ̀ bíi ti Ọjà Ọba. Ẹni tó ń tà yóò kọ iye tó fẹ́ sílẹ̀, ẹni tó ń rà yóò kọ tirẹ̀, ọjà yóò sì so àwọn tí iye wọn bára mu pọ̀, bí wọn ò tilẹ̀ rí ara wọn rí. Ẹni tí kò sanwó ní àyè mẹ́ta péré láti fi gbé ọjà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àkáǹtì tuntun kò sì lè tà tàbí fi àwọn nǹkan kan tọrẹ títí yóò fi lo wákàtí 20 nínú géèmù, tí yóò ní pọ́ìntì quest 10, tí àròpọ̀ ipele rẹ̀ yóò sì pé 100. Ó lè dà bí ìfìyàjẹni, ṣùgbọ́n ìdènà ni fún àwọn tó ń dá àkáǹtì ayédèrú sílẹ̀ lọ́gọ́ọ̀rọ̀.

Etí ọjà yìí náà ni àwọn gbájúẹ̀ ń dúró sí. Wọn yóò ní kí èèyàn mú owó wá kí àwọn sọ ọ́ di ìlọ́po méjì; wọ́n lè dá kékeré padà ní ìlọ́po méjì lóòótọ́ kí wọ́n lè rí ńlá gbé sá lọ. Ẹni tó ní òun jẹ́ òṣìṣẹ́ Jagex tó sì ń béèrè pásíwọọ̀dù, olè ni. Kí ẹni tuntun fi PIN onínọ́ńbà mẹ́rin ti báńkì rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé Lumbridge, kí ó sì so àkáǹtì mọ́ ẹ̀rí ìgbà méjì lórí fóònù. Títa wúrà géèmù fún náírà lòdì sí òfin, wọ́n sì lè fi ti àkáǹtì pa.

Ohun kan tó bófin mu wà láàárín owó gidi àti wúrà géèmù, tí wọ́n ń pè ní bond. Ẹlòmíràn ló fi owó rà á, tó wá gbé e sọ́jà; ẹni tó bá fi wúrà géèmù rà á yóò di ọmọ ẹgbẹ́ fún ọjọ́ 14. Kò yẹ kí ẹni tuntun kánjú dé ibẹ̀, nítorí pé ọjọ́ 14 yóò parí kí ó tó mọ ohun tó ń wá. Ibi tó yẹ kó fojú sí nínú ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ni quest tí wọ́n ń pè ní Dragon Slayer. Ẹni tó bá ti kó pọ́ìntì quest 32 jọ ni ẹgbẹ́ akọni tó wà lẹ́yìn odi Varrock máa ń ṣílẹ̀kùn fún, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rán an lọ pa dírágónì kan ní erékùṣù Crandor. Ìgbà tó bá pa á ló lè wọ ẹ̀wù irin rune, èyí tó tún ń béèrè ipele 40 nínú Defence. Kò ní lè dúró níwájú iná dírágónì náà láìní asà tó ń dí i. Inú ààfin Lumbridge ni asà yẹn wà, lọ́wọ́ Duke Horacio, ẹni tí wọ́n fi ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣe kéèkì fún lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé.