Dáàṣì tí kì í ṣe dáàṣì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àṣẹ tí script kọ̀ láti gbọ́

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ DEVCORE ní Taiwan kéde pé Orange Tsai, olùṣèwádìí wọn, rí ihò ààbò kan nínú PHP (èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ ìkànnì) tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows. CVE-2024-4577 ni wọ́n pe ihò náà. Àmì kan tó jọ dáàṣì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Látìgbà náà ni àwọn tó ń kọ́ Python ti ń bi mí bóyá òun náà ló ń da script (ètò kékeré) tiwọn láàmú.

Kí ni argument?

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá tẹ̀ lé orúkọ ètò ni. Nínú `python owo.py --osu 3`, `--osu` àti `3` ni argument tí owo.py máa gbà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí PHP gan-an?

Argument tó bá fi dáàṣì bẹ̀rẹ̀, ètò á kà á sí àṣẹ. Ní 2012, wọ́n rí i pé bí PHP bá ń ṣiṣẹ́ lọ́nà CGI (ọ̀nà kan tí sáfà ìkànnì fi ń pe ètò), àlejò lásán lè ti inú àdírẹ́sì ìkànnì fi dáàṣì ránṣẹ́, kó sì máa pàṣẹ fún PHP. Wọ́n dí ihò yẹn: dáàṣì kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ọdún 12 lẹ́yìn náà ni soft hyphen dé, àmì tó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè pín sí méjì ní òpin ìlà. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni 0xAD, ti dáàṣì ni 0x2D. PHP yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kì í ṣe dáàṣì, ó jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n Windows ní àṣà kan tó ń jẹ́ Best-Fit: bí lẹ́tà kan kò bá sí nínú àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, á fi èyí tó jọ ọ́ jù rọ́pò rẹ̀. Inú ilé ni soft hyphen ti wá di dáàṣì, lẹ́yìn tó ti kọjá aṣọ́nà. Orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí èdè Ṣáínà tàbí ti Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí èyí múlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé òun náà ló ń ṣe script mi?

Rárá, àmọ́ ìbátan rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Àbúrò kan jókòó tì mí láìpẹ́ yìí, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ti ń wo ìlà kan ṣoṣo láti àárọ̀, ohun tí script sì ń sọ fún un ni:

`error: unrecognized arguments: —osu 3`

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí osu náà nìyí tí mo kọ!" Mo ní kó fi ìlà yìí sókè parse_args, ibi tí script ti ń ka argument (`import sys` ti wà lókè fáìlì rẹ̀):

`print(ascii(sys.argv))`

Èsì tó jáde ni `['owo.py', '\u2014osu', '3']`. Dáàṣì gígùn tí wọ́n ń lò nínú ìwé ni `\u2014`. Ètò ìkọ̀wé tó fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ló ti so dáàṣì méjì pọ̀ di ọ̀kan, ibẹ̀ ló sì ti kọ́pì àṣẹ náà. Ó pa á rẹ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ dáàṣì méjì, script dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìlà yẹn ni kí ẹ máa kọ́kọ́ lò. Ẹ wo ohun tó dé etí script kí ẹ tó máa tú kódù yín palẹ̀.

Ó ní fáìlì mi kò sí, bẹ́ẹ̀ mo ń wò ó níwájú mi.

Ó ṣeé ṣe kí àlàfo wà nínú orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ `iwe owo.csv`, wọ́n á gé e sí méjì, script á sì máa wá fáìlì tó ń jẹ́ `iwe`. Ẹ fi í sáàárín àmì àyọlò: `"iwe owo.csv"`. Èyí tó tẹ̀ kọrọdọ, tí ẹ kọ́pì láti inú ìwé, kì í sábà ṣiṣẹ́.

Mo kọ `--te False`, ó gbà á sí True.

`type=bool` lẹ lò. Ọ̀rọ̀ yòówù tí kò bá ṣófo, True ni lójú Python, "False" náà wà lára wọn. Ẹ lo `action="store_true"` dípò rẹ̀: bí ẹ bá tẹ `--te` lásán, True ni; bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, False ni.

Ṣé orúkọ fáìlì lè ṣe mí ní jàǹbá?

Bẹ́ẹ̀ ni, èyí sì ń dẹ́rù bà mí ju ti PHP lọ. Bí fáìlì kan bá ń jẹ́ `-rf` nínú fódà, tí ẹ wá tẹ `rm *` (àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́) lórí Linux, rm á ka orúkọ yẹn sí àṣẹ. Á pa àwọn fódà tó wà nínú fódà náà run láìbéèrè, fáìlì `-rf` fúnra rẹ̀ á sì wà níbẹ̀. Ẹ máa tẹ `rm ./*` tàbí `rm -- *`.

Mo ní XAMPP lórí Windows. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Ẹ má jáfara. XAMPP, àkójọ ètò tí PHP wà nínú rẹ̀, ti fi ihò CVE-2024-4577 sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò ó láti ilé. PHP 8.3.8, 8.2.20 àti 8.1.29 ló dí i. 8.0 sẹ́yìn kò rí àtúnṣe gbà mọ́, ẹ kúrò lórí rẹ̀.

Ṣé mo lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà ṣe argument?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Linux, ẹlòmíràn tó ń lo ẹ̀rọ kan náà lè fi `ps` (àṣẹ tó ń to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́) kà á bí script ṣe ń ṣiṣẹ́, á sì tún wà nínú `.bash_history` yín, fáìlì tó ń tọ́jú àwọn àṣẹ tí ẹ ti tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí script fi `getpass` ti Python béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ kò ní hàn lójú kọ̀ǹpútà.