Bí wọ́n ṣe ń kápá àgbàrá òjò níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé

Kí katapílà tó wọ ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè n'Íbàdàn, igbó ló wà níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ewé ló kọ́kọ́ ń gbà á. Orí ewé ló ti ń rọra kán sílẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á sì rì wọlẹ̀ láàárín gbòǹgbò. Ọjọ́ tí wọ́n bá hú igbó yẹn kúrò, tí táyà tipà sì tẹ ilẹ̀ le, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀kán òjò ńlá lè fi eré tó tó mítà 9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan balẹ̀. Bó bá bá ilẹ̀ níhòòhò, á ta yẹ̀pẹ̀ ká, èyí tó kúnná nínú yẹ̀pẹ̀ náà á sì dí àwọn ihò tíntìntín tí omi ń gbà wọlẹ̀. Omi ò ríbi gbà mọ́ nìyẹn, àfi kó máa ṣàn. Ó ń kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà á kóra jọ sójú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́, tó bá sì tún rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ á di kòtò tí ẹsẹ̀ èèyàn lè wọ̀.

Omi náà sì pọ̀ ju bí ojú ṣe ń wò ó lọ. Bí òjò mílímítà 1 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti lóròó, lítà omi kan ni. Pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 níbùú àti 100 lóròó gba irú mítà bẹ́ẹ̀ bíi 465. Òjò mílímítà 50, tí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá, á da ohun tó lé ní 23,000 lítà sórí rẹ̀: omi táńkà oní-10,000 lítà méjì, kí ìkẹta tún gbà nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa ṣàn, àmọ́ lórí ilẹ̀ tí ọkọ̀ ti tẹ̀ le, èyí tó pọ̀ jù ló máa ṣàn. A ò tíì ka èyí tó ń ti orí òkè bọ̀.

Èyí tó ń ti orí òkè bọ̀ yìí lẹni tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ bójú tó. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Wọ́n á gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí apá òkè ilẹ̀ náà, wọ́n á sì wọ́ yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìsàlẹ̀, kó ga sókè. Omi tó bá ń bọ̀ á forí sọ ọ́, á gba inú kòtò yí sáìtì po, á sì jáde láìfara kan ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣí. Léèbùrà mélòó kan lè fi ṣọ́bìrì parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan lórí pulọ́ọ̀tì kékeré. Síbẹ̀, òun lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ tí wọn ò tíì fẹ́ lò, kí wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú koríko rẹ̀. Ẹni tó bá lè ṣí ilẹ̀ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìdajì wàhálà. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ ń fẹ́ tapólín lórí. Ilẹ̀ gbalasa ń fẹ́ koríko gbígbẹ tí wọ́n tẹ́ nípọn, tàbí koríko tí wọ́n gbìn. Fún ibi tó dagẹ̀rẹ̀, koríko kan tí wọ́n ń pè ní vetiver dára gan-an, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń lọ tààrà sísàlẹ̀, ó sì lè tó mítà 3. Ìlà-ìlà ni wọ́n ń gbìn ín, kó dábùú ọ̀nà omi. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn: ilẹ̀ ìkọ́lé tó bá tó éékà kan gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lórí omi òjò, ìwé àṣẹ ti EPA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká níbẹ̀, sì sọ pé bí iṣẹ́ bá máa dúró níbì kan fún ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti wà nílẹ̀ ló tó kan pé kí wọ́n dènà yẹ̀pẹ̀ tó bá ṣì sá. Nínú kòtò omi, wọ́n máa ń to òkúta dábùú, kí eré omi lè dínkù. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á gba ẹ̀gbẹ́, á sì máa gbẹ́ ògiri kòtò lọ. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, wọ́n máa ń ta aṣọ mọ́ òpó igi kó dábùú ọ̀nà àgbàrá. Àwọn kan rò pé ṣe laṣọ yẹn ń sẹ́ omi. Rárá o: ó ń dá omi dúró ni, kí yẹ̀pẹ̀ lè ráyè rì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri ẹsẹ̀ aṣọ mọ́lẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, tí wọ́n sì ń tẹ etí rẹ̀ méjèèjì sí apá òkè. Èyí tí wọ́n kàn so mọ́ igi láì rì í mọ́lẹ̀, abẹ́ rẹ̀ lomi máa gbà, owó ti ṣòfò.

Ṣùgbọ́n aṣọ yìí àti kòtò ìdáró omi, ìyẹn kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ kí omi lè dúró níbẹ̀ kí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sì rì, ní ibi tágbára wọn mọ. Yanrìn kì í pẹ́ rì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó o. Amọ̀ tó kúnná lè wà nínú omi láì rì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, amọ̀ sì pọ̀ nínú ilẹ̀ pupa wa. Omi pupa tó ń wọ gọ́tà lẹ́yìn òjò, amọ̀ tí kò sẹ́ni tó lè mú mọ́ nìyẹn. Nítorí náà ni bíbo ilẹ̀ fi ń ṣáájú dídènà rẹ̀.

Yanrìn tó bá bọ́ lọ ń lọ jókòó sínú gọ́tà àti kọ́lífáàtì, á sì gba àyè tó yẹ kó jẹ́ ti omi. Kì í ṣe yẹ̀pẹ̀ ìkọ́lé nìkan ló fa omíyalé Ògùnpa ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, tàbí ti 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 n'Íbàdàn. Òjò ńlá, pàǹtírí àti ilé tí wọ́n kọ́ sétí odò wà níbẹ̀. Àmọ́ odò tí yẹ̀pẹ̀ ti kún, òjò tí kò tó bẹ́ẹ̀ gan-an lè mú un ya wọ ilé.

Lẹ́nu géètì, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà nípọn ń bọ́ ẹrẹ̀ kúrò lára táyà tipà kó tó wọ títì. Lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, ó yẹ kẹ́nì kan rìn yí sáìtì ká: bí yẹ̀pẹ̀ bá ti tó ìdajì gíga aṣọ, wọ́n á kó o kúrò, wọ́n á dà á síbi tí omi ò ti ní gbé e padà. Ìgbà tí koríko bá ti bo ilẹ̀ dáadáa ni wọ́n tó ń hú òpó, tí wọ́n sì ń ká aṣọ náà kúrò.