Ìtọ̀ Ológbò Lára Kápẹ́ẹ̀tì: Ohun Tó Ń Mú Òórùn Rẹ̀ Padà àti Ohun Tí A Kò Gbọdọ̀ Pò Mọ́ra

Ohùn kan tí ẹnìkan gbà sílẹ̀ ń lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn láàrin àwa ará Àkúrẹ́. Ó ní ẹni tí ológbò bá tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ó po blíìṣì, ìyẹn èyí tí a ń pè ní Hypo tàbí Jik, mọ́ fínígà, kí ó dà á sójú ibẹ̀, kí ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa di ọjọ́ kejì. Àwọn kan ti ṣe é, àwọn mìíràn ní àwọn gbọ́ pé májèlé ni. Àwọn ìbéèrè tó tẹ̀lé e nìwọ̀nyí.

Ṣé lóòótọ́ ni àpòpọ̀ yẹn léwu?

Lóòótọ́ ni, ewu rẹ̀ kò sì kéré. Bí blíìṣì bá pàdé ohun kíkan bíi fínígà, gáàsì chlorine ni yóò tú jáde. Gáàsì yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ìlú kan ní ilẹ̀ Belgium, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ní ọdún 1915, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti máa ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ ní pálọ̀ nítorí ológbò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé blíìṣì nìkan, láìsí fínígà rárá, kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé amóníà máa ń wà nínú ìtọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀, bí blíìṣì bá sì kan amóníà, gáàsì mìíràn tí ń jẹ́ chloramine ni yóò jáde. Àwọn gáàsì méjèèjì a máa ta ojú, a máa fa ikọ́, a sì máa mú àyà há, pàápàá fún ẹni tó bá ní ikọ́ fée àti fún ọmọ tó ń rá lórí kápẹ́ẹ̀tì náà gan-an. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kí a tì pa ló wá burú jù, nítorí pé yóò há gbogbo rẹ̀ mọ́ inú yàrá de ẹni tí yóò ṣí i ní òwúrọ̀.

Mo ti dà á ná. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jáde kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ará ilé, bí ẹ bá sì ti ń jáde lọ, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó bá wà lọ́nà yín sílẹ̀. Ẹ má da nǹkan mìíràn lé e lórí. Bí èémí ẹnikẹ́ni kò bá já geere, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ pò fún dókítà.

Kí ló dé tí òórùn náà fi ń lọ nígbà ọyẹ́, tí ó sì ń padà nígbà òjò?

Ìbéèrè yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ìtọ̀ ológbò ki gan-an, nítorí pé ilẹ̀ gbígbẹ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, kíndìnrín rẹ̀ kì í sì í fi omi ṣòfò. Ohun mẹ́ta ló wà nínú ìtọ̀ náà tó yẹ kí a mọ̀. Àkọ́kọ́ ni urea, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí máa ń sọ di amóníà. Òun ni òórùn tó ń gún imú, omi àti ọṣẹ sì lè mú un lọ. Èkejì ni felinine, tó pọ̀ nínú ìtọ̀ akọ ológbò tí a kò tíì tẹ̀ lọ́dàá. Òun fúnra rẹ̀ kò ní òórùn, ṣùgbọ́n bí ó ti ń bàjẹ́ ni ó ń di àwọn èròjà onímí-ọjọ́ tí gbogbo ilé ń gbọ́ òórùn wọn.

Ẹ̀kẹta ni uric acid, òun ló sì ń dójú ti onílé. Omi kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ ọ. Bí ìtọ̀ bá ti gbẹ, yóò di hóró wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ òwú kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà òjò tiwa ní Àkúrẹ́, tí aṣọ ń sá fún ọjọ́ méjì láìgbẹ, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ nìkan ti tó láti jí òórùn náà dìde. Àlejò tó bá wá ní oṣù kìíní yóò yin ilé yín. Èyí tó bá wá ní oṣù kẹfà ni yóò máa wo ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀.

Ṣé omi gbígbóná kò ní yọ ọ́ kíákíá?

Rárá, ooru a máa jẹ́ kí ìdọ̀tí ìtọ̀ lẹ̀ mọ́ òwú sí i. Omi tútù ni kí ẹ lò.

Bí mo bá bá a nígbà tí ó ṣì tutù ńkọ́?

Ẹ fi àkísà funfun tàbí tíṣù nípọn lé e, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ máa pààrọ̀ àkísà títí tí kò fi ní fa omi mọ́. Ẹ má fi nǹkan ha á, nítorí pé híha ni yóò tì í wọlé lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ́n omi tútù díẹ̀ sí i, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́ wá ńkọ́?

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni omi ìfọkápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ẹ́ńsáímù ṣe, nítorí pé ẹ́ńsáímù ni ó ń fọ́ uric acid náà sí wẹ́wẹ́. Ọ̀rọ̀ náà, enzyme, ni kí ẹ wò lára ìgò, ẹ má wo àwòrán ológbò tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dà á dáadáa kí ó lè dé ibi tí ìtọ̀ dé, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó kí ó má tètè gbẹ, kí ẹ sì fún un ní odidi ọjọ́ kan. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ da blíìṣì tàbí apakòkòrò síbẹ̀ ní láti fi omi ṣàn án kúrò ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ba ẹ́ńsáímù náà jẹ́.

Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ fi fínígà àti omi, ìlàjì-ìlàjì, rin ojú ibẹ̀, láìsí blíìṣì nítòsí rárá. Èyí yóò pa òórùn amóníà, ṣùgbọ́n kò ní yọ́ uric acid. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ wọ́n baking soda sí i. Baking powder tí a fi ń ṣe kéèkì kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ po hydrogen peroxide aláìlágbára, èyí tí wọ́n kọ 3% sí lára ní ilé ìtajà òògùn, mọ́ ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀, kí ẹ sì fi rin ín. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan, nítorí pé ó lè ṣí àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ má pò ó mọ́ fínígà nínú abọ́ kan náà, ẹ má sì tọ́jú èyí tó ṣẹ́kù sínú ìgò tí a dé, nítorí pé ìgò náà lè bẹ́. Níkẹyìn, ẹ tan fáànù sí i títí yóò fi gbẹ. Rọ́ọ̀gì kékeré tó ṣeé ká, ẹ gbé e lọ sínú oòrùn.

N kò mọ ibi tí ó tọ̀ sí. Imú mi nìkan ló mọ̀.

Ẹ yá tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó náírà wò, kí ẹ pa iná yàrá, kí ẹ sì tàn án sílẹ̀. Ojú ìtọ̀ yóò máa tàn bí àwọ̀ ewé tó ń pọ́n. Àṣẹ́kù ọṣẹ ìfọṣọ náà a máa tàn, nítorí náà ẹ fi imú jẹ́rìí sí i.

Káńfọ̀ ńkọ́? Izal ńkọ́?

Ẹ má lò wọ́n. Káńfọ̀ olóòórùn líle tí a ń kó sáàárín aṣọ, naphthalene ló pọ̀ jù nínú wọn, ó sì máa ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ara wọn kò ní èròjà G6PD tó jẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Bí ó bá ṣe ìkókó, ojú àti ara rẹ̀ lè pupa rúsúrúsú, kí ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ìwòsàn. Izal àti àwọn apakòkòrò tó ń funfun bíi wàrà nínú omi sì ní phenol nínú. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára láti sọ ọ́ di aláìléwu. Ológbò yóò rìn lórí rẹ̀, yóò sì lá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ṣé ìtọ̀ ológbò lè fa ibà Lassa?

Ó yé mi ìdí tí ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ní láti béèrè, nítorí pé ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tí àrùn yìí ń bá jà jù, ó sì lójú ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ọlọ́mú púpọ̀, Mastomys natalensis, ni ó ń gbé kòkòrò Lassa, kì í ṣe ti ológbò. Kódà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ológbò sísìn mọ́ ohun tó lè dín eku kù nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́: bí ó bá jẹ́ pé ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ eku ni ẹ rí lórí sìmẹ́ǹtì, blíìṣì tí a fi omi là ni ó tọ́ níbẹ̀, kí ẹ sì fi rin ibẹ̀ kí ẹ tó nù ún, ẹ má gbá a ní gbígbẹ.

Aboyún ńkọ́?

Kòkòrò toxoplasma tí àwọn dókítà ń kìlọ̀ nípa rẹ̀, inú ìgbẹ́ ológbò ló ń gbà jáde, kì í ṣe inú ìtọ̀. Kí ẹlòmíràn máa bá aboyún kó ìgbẹ́ náà lójoojúmọ́.

Kí ló dé tí ó fi ń padà sí ojú kan náà? Ṣé kí n lé e jáde?

Òórùn tó ṣẹ́kù ló ń pè é padà, àní nígbà tí imú wa kò bá gbọ́ ọ mọ́. Bí ó bá jẹ́ akọ tó ń tú ìtọ̀ sára ògiri àti ẹsẹ̀ àga, títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá lọ́dọ̀ dókítà ẹranko ni ó sábà máa ń dá a dúró. Ẹ gbé abọ́ yanrìn kalẹ̀ fún un níbi tó dákẹ́, kí abọ́ fi ẹyọ kan ju iye ológbò inú ilé lọ, kí ẹ sì máa kó o lójoojúmọ́. Ológbò kì í fẹ́ ilé ìgbẹ́ tó dọ̀tí, ó sàn ju àwọn kan lọ.

Kí ẹ tó nà án, ẹ kọ́kọ́ wo bí ó ṣe ń tọ̀. Ológbò tó mọ abọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ káàkiri, àìsàn lè máa ṣe é. Bí akọ bá ń lóṣòó tí ó ń rún ara, tí ìtọ̀ kò jáde tàbí tí ó ń kán tótótó, ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ lè ti dí, èyí sì lè pa á láàrin ọjọ́ méjì. Ẹ fi kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà.