Bí Krómósómù Tó Gé Ṣe Ń Tọ́ka sí Orírun Àìsàn Ọpọlọ

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ìdílé méjì tó di àna ara wọn, wọ́n a máa wádìí bóyá wèrè wà nínú ìran ẹni tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́. Ìwádìí náà nídìí, nítorí àìsàn schizophrenia, tí aláìsàn fi ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ tàbí tí ó fi ń dá a lójú pé àwọn kan ń lépa òun, a máa rìn nínú ẹbí. Àmọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì, ìyẹn àwọn ìlànà tí a ń jogún tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ló ń dá sí i, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì kéré débi pé ó ṣòro láti mọ ohun tí èyíkéyìí ń ṣe. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi yíjú sí àwọn àrùn jíìnì tó ṣọ̀wọ́n, níbi tí àbùkù kan ṣoṣo ti lágbára púpọ̀.

Èyí tí wọ́n yẹ̀ wò jù ni àrùn DiGeorge, tí àbùkù rẹ̀ wà lórí krómósómù 22, ọ̀kan lára àwọn okùn tó gbé jíìnì nínú ara. Nígbà tí ẹyin obìnrin tàbí àtọ̀ ọkùnrin bá ń dá sílẹ̀ nínú ara, krómósómù 22 méjèèjì, ti ọ̀dọ̀ bàbá àti ti ọ̀dọ̀ ìyá, a máa fara kínra, wọn a sì pààrọ̀ apá kan lára ara wọn. Ní ojúkò tí a ń pè ní 22q11.2, àwọn abala tó jọra gidigidi ló wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, abala kan á ṣi èkejì rẹ̀ mú, á lọ bá èyí tó kàn jọ ọ́ pàdé, bí pàṣípààrọ̀ bá sì wáyé báyìí, jíìnì tó lé ní 30 tó wà láàárín wọn yóò já dànù. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn èyí lè ní àbùkù ọkàn, òkè ẹnu tó là, tàbí kí èròjà kálísíọ́mù kéré nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nínú ọmọ 10 tó ní àrùn yìí, nǹkan bí 9 ni kò jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá tàbí ìyá, nítorí náà kò sí ìwádìí ìran tó lè rí i, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìyá ọmọ. Ẹni tó bá ní i, ìdajì àǹfààní ló wà pé yóò fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, nínú oyún kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan bí ẹni 1 nínú 4 tó ní i ni schizophrenia máa ń mú bó bá dàgbà, nígbà tó jẹ́ pé láàárín gbogbo ènìyàn, kò ju nǹkan bí 1 nínú 100 lọ. Nítorí pé a lè mọ ọmọ tó ní àrùn DiGeorge láti kékeré, àwọn olùwádìí lè máa tọ ipasẹ̀ ọmọ náà kí àìsàn tó dé. Wọ́n ti rí i pé nínú àwọn tí yóò ṣàìsàn, òye ọ̀rọ̀ a ti máa rẹlẹ̀ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Ọ̀kan lára àwọn jíìnì tó já náà ni COMT, tó ń ṣe èròjà tí ń tú dopamine ká, kẹ́míkà ọpọlọ kan náà tí oògùn àìsàn yìí ń dín agbára rẹ̀ kù. Wọ́n fura sí i gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tíì fi hàn pé òun nìkan ló ń fà á. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé àwọn tí abala kan náà di ìlọ́po lára wọn, dípò kó já, kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláìsàn schizophrenia bí wọ́n ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ara wọn dá.