Murnau, ẹni tó kọ́ kamẹ́rà ní ìrìn

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí kamẹ́rà ò ṣe lè jókòó jẹ́jẹ́ sójú kan nínú fíìmù. Ẹ̀bi Murnau ni o! Olùdarí fíìmù ará Jámánì ni, F. W. Murnau, ọdún 1888 ni wọ́n bí i, kò sí ẹni tó ń fi kamẹ́rà jẹun tí ò jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Láyé ìgbà yẹn sinimá ò lóhùn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ sọ wọ́n á kọ ọ́ sójú fíìmù kéèyàn máa kà á. Murnau ò fẹ́ ìyẹn, kamẹ́rà ló fẹ́ kó máa sọ ìtàn. Ẹ wo fíìmù ẹ̀ Der letzte Mann, 1924, bàbá kan ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n wá bọ́ yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn ẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ibi tí bàbá yẹn ti mutí yó ni kẹ́ ẹ fojú sí, Karl Freund tó ń ya fíìmù yẹn so kamẹ́rà mọ́ àyà, òun fúnra ẹ̀ wá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kiri, kì í wá ṣe pé à ń wo ọ̀mùtí mọ́, àwa gan-an lojú ń pòòyì.

Ó tún mọ òjìji lò. Nínú Nosferatu, 1922, nígbà tí òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ yẹn ń gun àtẹ̀gùn, òjìji ẹ̀ nìkan là ń rí lára ògiri, ẹ̀yìn tẹ̀, èékánná gùn gbọọrọ. Bá a ṣe ń ṣe é ò le: ẹ gbé iná sílẹ̀, kí ẹni náà sún mọ́ iná dáadáa, òjìji ẹ̀ á tóbi jù ú lọ. (Inú ìwé Dracula ni wọ́n ti mú ìtàn ẹ̀, wọn ò sì gbàṣẹ kí wọ́n tó ṣe é o, ìyàwó olóògbé tó kọ ìwé náà pè wọ́n lẹ́jọ́, kóòtù ní kí wọ́n ba gbogbo ẹ̀dà ẹ̀ jẹ́, àwọn kan ṣáà bọ́.) Pé oòrùn ń pa irú òkú bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fíìmù, ibẹ̀ ló ti wá, kò sí nínú ìwé yẹn.

Alfred Hitchcock, olùdarí fíìmù ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbajúmọ̀ fún fíìmù abanilẹ́rù, wà ní Jámánì lọ́dún 1924, ó ń wo Murnau níbi iṣẹ́, ó sì hàn nínú iṣẹ́ tiẹ̀ náà.

Àmọ́ Sunrise, 1927, tó ṣe ní Amẹ́ríkà, ni tèmi. Kamẹ́rà tí wọ́n so rọ̀ látòkè tẹ̀ lé ọkùnrin kan wọ àbàtà lóru, ó ṣe díẹ̀ ó fi í sílẹ̀, ó gba àárín ewé kọjá, ó sì dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń dúró dè é kí ọkùnrin yẹn tó dé. Mo ti wò ó àìmọye ìgbà, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ.