Ẹni Tó Dí Ihò Ìsàlẹ̀ Wíńdò Ló Ń Pe Òjò Wọlé

Òjò kò tíì rinlẹ̀ tán tí fóònù mi fi ń dún láàárọ̀ ṣúlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n alumíníọ̀mù, mo ti ra téèpù dúdú yẹn o, mo ti lẹ̀ ẹ́ yí wíńdò po, omi ṣì ń wọ pálọ̀." Mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n lẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ níta, níbi tí àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà. Wọ́n á fọ́nnu: "Gbogbo ẹ̀ ni mo dí pátá!" Ó tán.

Téèpù dúdú yẹn, tí à ń pè ní bútílì, kò ní àléébù fúnra rẹ̀. Èmi gan-an kì í gbé férémù sójú ògiri láì fi í sábẹ́. Rọ́bà ni. William Sparks àti Robert Thomas ló ṣe irú rọ́bà yìí jáde ní 1937 nílé iṣẹ́ Standard Oil ní Amẹ́ríkà, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe tíúbù táyà, torí pé agbára káká ni afẹ́fẹ́ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Rọ́bà tó há afẹ́fẹ́ mọ́, ṣé omi ni yóò wá dà á láàmú? Kì í gan, kì í yéé lẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú alumíníọ̀mù gbòòrò, tí òtútù òru sì mú un sún kì, yóò bá a lọ, yóò bá a bọ̀. Oòrùn gangan ni kò fẹ́ràn. Èyí tí kò ní ìbòrí, àárín férémù àti ògiri ni kẹ́ ẹ fi í pa mọ́ sí; èyí tí yóò wà níta gbangba, ẹ ra irú èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe ń gé téèpù, mi ò ní kọ́ àgbàlagbà ní ìyẹn. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ojú ibẹ̀ gbẹ, kó sì mọ́. Ẹ fìka ra á. Bí ìka bá funfun, eruku ọyẹ́ ṣì wà níbẹ̀, eruku yẹn ni téèpù yóò dì mú, kò ní débi ògiri. Ẹ má fi kẹrosíìnì nù ún, ọ̀rá rẹ̀ kò ní jẹ́ kó lẹ̀. Sípíríìtì ni kẹ́ ẹ lò. Bí sílíkóònù àtijọ́, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi ìbọn fà sójú àlàfo, bá wà níbẹ̀, ẹ ha á kúrò pátápátá, torí kò sóhun tó ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ìsàlẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló kàn, òkè ló gbẹ̀yìn, kí tòkè lè gorí tìsàlẹ̀ bí pánù òrùlé ṣe ń gorí ara wọn. Ẹni tó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún omi láti yọ́ gba ẹ̀yìn téèpù.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ihò. Wíńdò alumíníọ̀mù tí à ń fà lọ fà bọ̀, a kò ṣe é pé kí omi má wọ inú rẹ̀ rárá. Ẹ tún un kà. Bí òjò oníjì bá gbá gíláàsì, omi yóò ṣàn wálẹ̀, yóò bọ́ sójú irin tí gíláàsì ń sáré lé lórí. Àwa tá a ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tá a fi lu ihò síwájú férémù nísàlẹ̀, kí omi lè padà síbi tó ti wá. Ẹ fi téèpù dí ihò yẹn, omi á kún dẹ́nu, kò sì ní ibòmíì tó lè yà sí ju orí àga yín lọ. Ìlú Ìbàdàn wa yìí, tí odò Ògùnpa ya wọ̀ ní 1980, tí àgbàrá tún wó afárá rẹ̀ ní 2011, ó yẹ kó mọ ohun tó máa ń tẹ̀yìn dídí ojú omi yọ! Iṣẹ́ yín lórí ihò náà ni kẹ́ ẹ máa fi igi ìtayín tú u nígbà tí eruku àti òkú èèrà bá há síbẹ̀.

Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan gíláàsì títí mo fi mọ ihò yẹn lù. Lónìí, ẹni tí kò ṣe fúrídọ̀mù níbì kankan, tó ṣáà ti ra ìbọn sílíkóònù, ọ̀gá ni. Èyí tó ń rùn fínígà ni wọ́n ń fà mọ́ símẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ ásíìdì inú rẹ̀ àti símẹ́ńtì kì í rẹ́. Kó tó dọdún tó ń bọ̀, ó ti ṣí.

Ilé náà tún lẹ́jọ́ tirẹ̀. Àwọn ilé àtijọ́ ní Bẹẹrẹ àti Ọjẹ́, pánù wọn yọ síta kọjá ògiri dáadáa, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rí fèrèsé wọn bá jà. Àwọn ilé tuntun Akóbọ̀ tí wọ́n fi ògiri yí òrùlé ká nítorí oge, ojú gíláàsì ni gbogbo òjò ń bá. Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ fa họ́ọ̀sì, kí ẹnì kan dúró nínú ilé. Ẹ da omi sí ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí kò bá wọlé, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ tó wá gbé e sókè. Nígbà míì, ibi tí ògiri ti sán lókè líńtẹ̀lì ni omi ń gbà, wíńdò kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Màmá kan wà ní Àpáta, opó ni wọ́n. Apẹ̀ǹtì tó kun ilé wọn bá wọn fi sílíkóònù dí ihò wíńdò lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí kòkòrò má bàa wọlé. Nígbà tí òjò dé, àbàwọ́n kan yọ sára ògiri lábẹ́ wíńdò, ó gùn wálẹ̀. Wòlíì kan wá wò ó, ó ní omijé olóògbé ni, ó ní kí wọ́n máa tan àbẹ́là síbẹ̀ lálaalẹ́. Òjò ń rọ̀, àbàwọ́n ń fẹ̀, wòlíì ń gbowó. Ọmọ-ọmọ wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Màmá àgbà, ògiri yìí ń ta mí." Wòlíì ní ọmọdé ń rí ohun tí àgbà ò rí.

Nígbà tí wọ́n pè mí, mo fi sukurudiráfà gún sílíkóònù yẹn, omi inú férémù sì tú sí mi láyà. Mo wá bojú wolẹ̀, mo rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹlifíṣọ̀n lábẹ́ wíńdò gan-an, ní ìdí àbàwọ́n, tí omi ń sẹ̀ẹ̀ láti inú rẹ̀. Iná ló ń ta ọmọ! Níwájú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn sì ni Màmá ń kúnlẹ̀ láìwọ bàtà, lórí táìsì tó rin. Mo sáré lọ pa iná níbi mítà kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Oníná tó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà bá wáyà inú rẹ̀ tó ti dípẹtà aláwọ̀ ewé.

Nítorí náà, bí omi bá ń gba ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí súwíìṣì kọjá nílé yín, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi aṣọ nù ún. Bí ibi mítà bá gbẹ, ẹ pa iná níbẹ̀, kẹ́ ẹ pe oníná. Ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ tán kẹ́ ẹ tó pe èmi. Téèpù kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó rin.