Oregon: Ìdí tí Etíkun Fi Ń Tutù Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn, àti Ibi Tó Yẹ Kí Á Pàgọ́ Sí

Ìpínlẹ̀ Oregon wà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, Òkun Pàsífíìkì ni ààlà rẹ̀ ní apá kan, igbó sì bo nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wo àwòrán ibẹ̀ lásán lè rò pé bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí, pé kò ju kí èèyàn di ẹrù àgọ́ rẹ̀ kó sì máa lọ. Àṣìṣe gbáà ni. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, èèyàn lè wọ ẹ̀wù òtútù létí òkun láàárọ̀, kó bọ́ ọ sílẹ̀ nítorí ooru lọ́sàn-án, kó sì fẹsẹ̀ tẹ yìnyín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó ń rú àwọn tó fẹ́ lọ lójú jù nìyẹn, òun sì ni àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí dá lé.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí etíkun fi ń tutù ní oṣù Keje, nígbà tí ooru ń mú ní àárín ìpínlẹ̀ náà?

Ìdáhùn: Ọwọ́ afẹ́fẹ́ lọ̀rọ̀ wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ láti àríwá sí gúúsù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun. Nítorí pé ayé ń yípo, omi ojú òkun tí afẹ́fẹ́ náà ń tì kì í bá a lọ tààrà. Ṣe ló máa ń ṣẹ́rí sí ìwọ̀-oòrùn, tí yóò sì kúrò létí ilẹ̀. Omi ìsàlẹ̀, èyí tí oòrùn kò kàn rí, ni yóò wá gòkè láti dí àyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi etíkun fi sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 10 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ní àkókò tí èèyàn ìbá fẹ́ máa lúwẹ̀ẹ́. Bí atẹ́gùn tó lọ́rinrin bá kọjá lórí irú omi bẹ́ẹ̀, kùrukùru ni yóò dà. Ooru tó ń gòkè láti àfonífojì Willamette, tó wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn etíkun, a sì tún máa fa kùrukùru náà wọlẹ̀, débi pé bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i lọ́hùn-ún ni òtútù lè máa le sí i létíkun.

Kì í ṣe ibi nìkan ni omi tútù náà ń ṣe o. Òun ló ń gbé oúnjẹ ẹja gòkè láti ìsàlẹ̀ òkun, òun ló sì jẹ́ kí èèyàn lè dúró ní Depoe Bay, ìlú kékeré kan létíkun, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kó máa wo ẹja àbùùbùtán níbi tí wọ́n ti ń jẹun nítòsí ilẹ̀. Ní tèmi, oṣù Kẹsàn-án ló dára jù fún etíkun: afẹ́fẹ́ àríwá ti ń rọlẹ̀, kùrukùru ti dín kù, àwọn ọmọ iléèwé sì ti wọlé.

Ìbéèrè: Wọ́n ní gbogbo etíkun Oregon jẹ́ ti ará ìlú. Ṣé mo lè pàgọ́ síbi tó bá wù mí lórí iyanrìn?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni apá àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí á sùn níbi tó bá wù wá. Ní ọdún 1913, nígbà ìjọba Gómìnà Oswald West, òfin sọ iyanrìn tútù tí òkun ń bò di ojú ọ̀nà ìjọba, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i tà. Nígbà tó di ọdún 1966, ilé ìtura kan ní Cannon Beach ṣọgbà yí iyanrìn gbígbẹ iwájú rẹ̀ ká fún àwọn àlejò rẹ̀ nìkan, ariwo sì sọ. Ní ọdún 1967, Gómìnà Tom McCall fọwọ́ sí òfin tó fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti lo iyanrìn gbígbẹ náà títí dé ibi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ láti rìn, láti jókòó àti láti ṣeré nìyẹn. Sísùn mọ́jú jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Òfin kọ̀ ọ́ ní iwájú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ àti láàárín ìlú bíi Cannon Beach àti Seaside. Níbi tí òfin kò bá tilẹ̀ ti sọ nǹkan kan, òkun fúnra rẹ̀ kì í gba àforítì: omi a máa kún lóru, ìgbì òjijì a sì máa yí àwọn ìtì igi ńláńlá tó wà létíkun lọ́nà tó lè pa èèyàn. Ibùdó tó wà lẹ́yìn òkìtì iyanrìn ló dáa.

Ìbéèrè: Ibùdó wo wá ni kí n yàn létíkun, kí sì ni mo lè rí nítòsí rẹ̀?

Ìdáhùn: Ní àríwá pátápátá, níbi tí odò Columbia ti ń wọ òkun, ẹ lọ sí Fort Stevens. Odi ológun ni tẹ́lẹ̀, ibùdó ìpàgọ́ rẹ̀ sì tóbi gan-an. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1942, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi kan láti Japan, I-25, yìnbọn ńlá 17 síhà ibẹ̀. Ọ̀gá odi náà kò jẹ́ kí wọ́n dá a padà, kí ọ̀tá má bàa mọ ibi tí àwọn ìbọn odi wà. Pápá tí àwọn ológun ti ń gbá bọ́ọ̀lù ló fara gbá a jù. Lórí iyanrìn ibẹ̀ kan náà ni egungun irin ọkọ̀ Peter Iredale wà, ọkọ̀ onígbòkun tó gúnlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1906 láìsí ẹni tó kú. Nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn, èèyàn lè rìn dé ìdí rẹ̀, kó fọwọ́ kan irin tí iyọ̀ ti jẹ di pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ.

Ní àárín etíkun, Cape Perpetua nítòsí Yachats ni ọkàn mi ń fà sí jù. Láti ibùdó ibẹ̀, ọ̀nà kan gba ẹ̀gbẹ́ odò kékeré lọ sí ìdí igi spruce kan tó ti lé ní 550 ọdún. Gbòǹgbò rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, ó sì dá ihò sílẹ̀ láàárín, nítorí pé orí ìtì igi òkú ló ti hù, ìtì náà sì ti jẹrà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Díẹ̀ síwájú sí gúúsù ni Oregon Dunes, òkìtì iyanrìn tó na bí máìlì 40. Ọgbà Honeyman tó wà nítòsí Florence ní adágún tí omi rẹ̀ ṣeé lúwẹ̀ẹ́ ju ti òkun lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gúúsù, kó lọ sí Harris Beach ní Brookings.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé aṣálẹ̀ wà nínú ìpínlẹ̀ kan náà?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Òkè Cascade tó là á já láti àríwá dé gúúsù ló fà á. Atẹ́gùn tó ru omi bọ̀ láti òkun gbọ́dọ̀ gun òkè náà, bó sì ṣe ń gùn ún ni ó ń tutù, tó ń rọ òjò sílẹ̀. Nígbà tó bá fi sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, kò ku nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Astoria létíkun ń gba òjò tó tó mílímítà 1,700 lọ́dún, Bend tó wà lẹ́yìn òkè kì í sì sábà ju 300 lọ. Bí òjò bá lé yín kúrò létíkun, ẹ kọjá òkè lọ sí Smith Rock, ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ tó ní àwọn àpáta gíga.

Ìbéèrè: Ṣé oṣù Kẹfà yá jù fún Crater Lake, adágún orí òkè Cascade?

Ìdáhùn: Ó lè yá jù. Yìnyín tó ń bọ́ síbẹ̀ lọ́dún máa ń ga ju mítà 10 lọ, ọ̀nà tó yí adágún náà ká sì lè má ṣí tán títí di oṣù Keje. Òkè ayọnáyèéfín kan, Mazama, ló bú gbàmù ní nǹkan bí 7,700 ọdún sẹ́yìn, tí orí rẹ̀ sì wó sínú. Òjò àti yìnyín ló kún ihò náà títí ó fi di adágún tó jìn jù ní Amẹ́ríkà, mítà 592. Odò kankan kò ṣàn wọ inú rẹ̀ láti kó ẹrẹ̀ wá, èyí ló jẹ́ kí omi rẹ̀ mọ́ gaara, tí àwọ̀ rẹ̀ sì rí bí aró inú ìkòkò.

Àwọn èèyàn ti ń gbé ní agbègbè náà kí òkè tó wó. Ní ọdún 1938, Luther Cressman ti Yunifásítì Oregon hú ọ̀pọ̀ sálúbàtà tí wọ́n fi èèpo igi hun jáde nínú ihò Fort Rock, lábẹ́ eérú tí Mazama tú. Wọ́n ti lé ní 9,000 ọdún.

Ìbéèrè: Mi ò lè rìn jìnnà sí Portland, ìlú tó tóbi jù ní Oregon. Ṣé ohun kan wà nítòsí?

Ìdáhùn: Multnomah Falls ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ, omi rẹ̀ sì ń já láti ibi tó ga tó mítà 189, ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi. Ọgbà Silver Falls ní ibùdó ìpàgọ́ àti ọ̀nà kan tó kọjá lára omi mẹ́wàá tó ń já látorí àpáta. Ní South Falls, ẹ̀yìn omi gan-an ni ọ̀nà gbà, bí ẹni tó dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò ń já níwájú rẹ̀.

Ìbéèrè: Nígbà wo ni kí n gba àyè sílẹ̀, ṣé wọ́n sì ń jẹ́ kí á dáná?

Ìdáhùn: Ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ ń gba orúkọ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, àwọn àyè etíkun sì máa ń tètè tán. Àwọn kan ní ilé àgọ́ roboto tó ní ibùsùn àti iná mànàmáná, èyí tó wúlò gan-an fún ẹni tó bá fẹ́ lọ nígbà òjò.

Ní ti iná, ẹ béèrè lọ́jọ́ tí ẹ bá débẹ̀, nítorí ìjọba a máa fòfin dè é bí igbó bá ti gbẹ. Ní ọdún 2017, ọmọ ọdún 15 kan ju bàǹgà sínú àfonífojì Eagle Creek, igbó tó sì jóná lé ní éékà 48,000. Ibi tí ẹ bá ti fẹ́ dáná ni kí ẹ ti ra igi, torí kòkòrò tó ń pa igbó a máa fara pamọ́ sínú igi ìdáná tí wọ́n gbé wá láti ọ̀nà jíjìn. Bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ da omi sí iná náà, ẹ ro eérú rẹ̀ pọ̀, ẹ tún da omi sí i, kí ẹ wá sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ ọn; bí ó bá ṣì ń móoru, kò tíì kú.